Ẹ̀ṣẹ́ Tí Í Kọ́kọ́ Tẹríba

Bàtà ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Wọ́n tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà dójò, ìyẹn gbọ̀ngàn tí àwọn ará Jàpáànù ti ń kọ́ káràtè. Gbogbo imú bàtà kọjú síta, kò sí ọ̀kan tó wọ́. Ẹni tó bá bọ́ tirẹ̀ tán yóò dúró, yóò tẹríba fún gbọ̀ngàn náà kí ó tó wọlé, ìbáà jẹ́ pé kò sí ẹ̀dá kan nínú ilé. Ohun tó wà nínú ibẹ̀ kò pọ̀: ilẹ̀ pákó tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti mú dán, òórùn òógùn, àti ògiri iwájú tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí.

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ẹ̀yà Shotokan, àwòrán Funakoshi Gichin ló sábà máa ń wà lára ògiri yẹn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, ọmọ erékùṣù Okinawa, tí wọ́n bí ní 1868. Ó wá sí Tokyo ní 1922 láti fi káràtè han àwọn ará ibẹ̀, ó sì jókòó sí ìlú náà, ó ń kọ́ni. Ogún ìlànà ló fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìpá ni èkíní sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìtẹríba ni, pé òun ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni kí wọ́n fi parí.

Bí àkókò bá tó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò sórí ìlà kan, wọn á kọjú sí iwájú. Ẹni tí ipò bẹ́líìtì rẹ̀ ga jù á wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wà ní òpin òsì. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí yóò dúró. Àgbà ìlà á pàṣẹ, gbogbo wọn á sì kúnlẹ̀: orúnkún òsì ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọ̀tún á tẹ̀ lé e, wọn á wá jókòó lé gìgísẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣáájú. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni jagunjagun àtijọ́ ń fi idà kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ lè fà á yọ bí ọ̀tá bá já lù ú lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé idà mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún kò tí ì gbàgbé.

Wọn á pa ojú dé, wọn á máa mí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtẹríba mẹ́ta: sí iwájú, sí olùkọ́, sí ara wọn. Ọwọ́ òsì á kan ilẹ̀, ọ̀tún á tẹ̀ lé e, orí á lọ sílẹ̀, ìdí kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí gìgísẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ń wò wọ́n yóò dúró díẹ̀ lórí ìtẹríba kejì, èyí tí wọ́n ṣe sí olùkọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àgbà á súre fún un. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ padà. Níbí, olùkọ́ ti kọ́kọ́ kẹ́yìn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti bá wọn tẹríba sí iwájú. Nígbà tó bá yíjú padà sí wọn, òun náà á gbé ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pẹ́ jù kó tó gbé orí sókè, ṣùgbọ́n orí olùkọ́ náà lọ sílẹ̀.

Àwọn ìwà kéékèèké mìíràn wà. Ẹni tí bẹ́líìtì rẹ̀ bá tú á kẹ́yìn sí iwájú kí ó tó so ó. Ẹni tó bá pẹ́ dé á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn títí olùkọ́ yóò fi fún un láyè. Kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ẹni tó jókòó kọjá. Ní ti igbe “oss” tí àwọn àjèjì fẹ́ràn láti máa fi dáhùn gbogbo nǹkan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Okinawa, níbi tí káràtè ti ṣẹ̀, kò kà á sí. “Hai” lásán, ìyẹn “bẹ́ẹ̀ ni”, tó wọn.

Ìgbà tí ènìyàn méjì bá dojú kọ ara wọn ni gbogbo èyí tó ní ìtumọ̀. Wọn á tẹríba, wọn á gbá ẹsẹ̀ mú ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ á sì jáde pẹ̀lú gbogbo agbára, yóò dúró bí ó ṣe kù díẹ̀ kó kan imú. Ẹni tó dúró síbẹ̀ ti fi ojú àti eyín rẹ̀ yá ẹnìkejì kí ó fi kọ́ṣẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì í gbá a, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀. Ìtẹríba ìṣáájú ni ẹ̀jẹ́ pé a kò ní lu ara wa, ti ìparí sì ni ọpẹ́. Lójú tèmi, láìsí ìtẹríba, ìjà ìgboro tó wọ aṣọ funfun ni káràtè.

Eré ìdíje pàápàá kò sọ ìtẹríba nù tán. Lábẹ́ òfin World Karate Federation, wọ́n lè lé ẹni tó ń ṣe kata, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ ìjà tí a ń dá ṣe, jáde bí kò bá tẹríba ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ní Olympics Tokyo, ní oṣù kẹjọ 2021, Kiyuna Ryo ti Okinawa gba wúrà kata ní Nippon Budokan. Kò fò sókè. Ó padà sórí pápá, ó jókòó lé gìgísẹ̀, ó sì tẹríba.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ọ̀wọ̀ tó ní ìlà báyìí rọrùn fún àgbà òṣìkà láti lò. Àwọn ẹgbẹ́ káràtè kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Jàpáànù ti jẹ́ ibi tí àwọn tó ti pẹ́ ti ń na àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lórúkọ ìkọ́ni, tí ẹni tuntun kò sì lè fèsì nítorí pé ó ti kúnlẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fi ọmọ sí dójò kan, n kò ní wo bí wọ́n ṣe ń tẹríba, torí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyẹn. N ó dúró de ìgbà tí wọ́n bá parí, tí wọ́n bá gbé àkísà tútù jáde, tí wọ́n tẹ̀ba, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í lọ láti ògiri dé ògiri. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ nìkan ló ń nu ilẹ̀, tí àwọn bẹ́líìtì dúdú sì dúró, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, èmi àti ọmọ mi á wá bàtà wa.