Etí Ni Wọ́n Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Sí, Ẹnu Ló Gbà Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ara mi ni mo fi mọ ìtumọ̀ òwe yìí.

Láti kékeré ni ọyún ti ń jáde ní etí mi ọ̀tún. Nígbà tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ dáadáa mọ́, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ọyún dá, mo sì ń gbọ́ràn. Inú gbogbo wa dùn.

Màámi ń ta àmàlà ní Ìkòtún. Èmi ni mo máa ń bá wọn tọ́ ọbẹ̀ wò láti kékeré. Ní ọjọ́ tí mo padà sí ìdí ààrò, mo tọ́ gbẹ̀gìrì wò, àfi bí ẹni pé mo lá irin. Ojú tì mí láti sọ. Mo ní, "Màámi, iyọ̀ kò tó." Wọ́n fi kún un. Mo tún ní kò tó. Nígbà tí ó di ọ̀sán, àwọn oníbàárà ń dá abọ́ padà. Awakọ̀ kan béèrè bóyá inú òkun ni a ti pọn omi ọbẹ̀. Màámi da gbogbo ìkòkò nù, èrè ọjọ́ náà sì bá a lọ. Èyí dùn mí ju abẹ lọ.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé iṣan tín-ínrín kan gba àárín àwọn eegun kéékèèké inú etí kọjá. Òun ni ó ń gbé ìtọ́wò láti iwájú ahọ́n lọ sí ọpọlọ. Chorda tympani ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì, èyí tí í ṣe "okùn ìlù". Bí abẹ bá gé e, ó lè má bọ̀ sípò mọ́. Bí wọ́n bá fà á lásán, ó sábà máa ń sàn láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan. Fífà ni wọ́n fa tèmi. Mo rántí dùndún: bí a bá fún okùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ a yí padà. Ṣùgbọ́n ata kò yé ta mí, nítorí iṣan mìíràn ni ó ń gbé títa.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Màámi, wọ́n ní, "Ẹnu tí o fi purọ́ iyọ̀ yẹn náà ni ì bá ti sọ òótọ́ fún mi."

Oṣù keje nìyí, adùn ń padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ etí, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ahọ́n lọ́wọ́ dókítà. Bí nǹkan bá sì yí padà, ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tí ń se oúnjẹ yín.