Ìgbàgbọ́ Kò Kọ Ẹ̀wù Ìléfòó

Bí a bá dárúkọ Aráròmí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé etí òkun ni à ń gbé. Aráròmí Séásáìdì ni ìyẹn, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Aráròmí-Obù tiwa, inú igbó Odìgbó ni ó wà. Kòkó àti ọ̀pẹ ni a mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ ojú omi oní-ẹ́ńjìnnì ní Igbókòdá ní kí àwa òṣìṣẹ́ ìjọ wá fi Mọ́ńdè Àjíǹde gbafẹ́ lójú omi, inú wa dùn púpọ̀.

A gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá láàárọ̀. Ẹni mẹ́jọ ni wá. Awakọ̀, ọmọ Ìlàjẹ tí ó dàgbà sórí omi, kó ẹ̀wù ìléfòó jáde, ó ní kí olúkúlùkù wọ tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa kọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti tó òun ní ẹ̀wù. Awakọ̀ tẹríba, ó ní, “Bàbá Pásítọ̀, ẹ má bínú. Èmi náà ń gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n bí bùrọ̀dá yìí kò bá wọ̀ ọ́, mi ò ní tan ẹ́ńjìnnì.” A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, a wọ tiwa, a so okùn rẹ̀ le. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí i pé Màmá Ìjọ pàápàá ti wọ̀ ọ́, ó fi ìkanra wọ tirẹ̀.

Ojú wa rí ohun tó dára lọ́jọ́ náà: ilé orí òpó, pákó tí a tò ṣe ọ̀nà, ìyá tó ń kiri ọjà nínú ọkọ̀ àjẹ̀, ọmọdé tó ń tukọ̀ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. A dé Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, tí èrè gbogbo wọn ń wọ àpò kan nígbà náà, bí ti ìjọ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé wọn lọ. Bàbá àgbàlagbà kan nawọ́ sí ibi tí ìgbì ń ru, ó ní, “Ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n bí mi sí.” Omi bọ́ lójú àwọn obìnrin wa. Àdúrà kò wọ́n lẹ́nu àwọn ará Ayétòrò, síbẹ̀ wọn kò yé bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá dènà òkun.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni awakọ̀ ní kí a máa padà. Àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 fún ọ̀nà omi, kò gbà kí ọkọ̀ rìn lálẹ́. Lójú ọ̀nà, ìjì òjò dé. Koríko omi wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú. A máa ń gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ojú oró. Koríko olódòdó elésè àlùkò ni, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó sì wọ omi Nàìjíríà ní nǹkan bí 1984. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Awakọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó ń fi ọ̀bẹ gé koríko. Gbogbo wa ń ké pe Olúwa; ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì fi ọwọ́ méjèèjì di okùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dáhùn, a sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú. Ọlọ́run tí ó ṣèlérí láti gba Nóà là ni ó tún ní kí ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ tinú tòde. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní Agbábù, létí odò Olúwa, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó wa níhìn-ín. Nóà kò di aláìnígbàgbọ́ nítorí pé ó kun ọkọ̀. Áńgẹ́lì sọ fún Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀mí kan kì yóò ṣègbé; òun kan náà ni kò jẹ́ kí àwọn atukọ̀ sá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó ọmọ mẹ́ta sórí ọ̀kadà kan lọ sí Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì so okùn ẹ̀wù. Olúwa yóò mú gbogbo ilé wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmín.