Ọkọ̀ Òfurufú Àtijọ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways ti kógbá wọlé láti ọdún 2003, síbẹ̀ ó ṣì ń wu bàbá mi láti rí DC-10 wọn kí ó gbéra ní Ìkẹjà. Ní Ìkirè níbí, kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe é.

Àbúrò mi ní kí n ra Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, dátà sì wọ́n. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé DC-10 tí wọ́n ṣe fún Flight Simulator X ti ọdún 2006 kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀.

Ti ọdún 2006 ni mo yàn. Kò lè lò ju 4GB ìrántí kọ̀ǹpútà lọ, ṣùgbọ́n ilé ọkọ̀ àgbà ni. Ẹrù ni a ń wò kí a tó yan agbọ̀n.