Ọkọ̀ Tí Àwọn Ọmọ Ń Pè Ní Àgbò

Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá wọn, àìdọ́gba náà ni ọwọ́ sì fi ń di nǹkan mú gírígírí. Ọ̀rọ̀ yìí di ohun àmúṣe fún wa nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde yan àwa mẹ́ta láti bójú tó ọkọ̀ Hilux tí ọ̀kan nínú wa fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti gbé e sókè, nítorí pé ọ̀nà oko rẹ̀ kò dára. Ó fi táyà ńlá sí i, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kún sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ohun tí ó ṣe sí ẹ̀yìn pọ̀ ju èyí tí ó ṣe sí iwájú lọ, nítorí náà ọkọ̀ dorí kodò bí àgbò tí ó fẹ́ kàn. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Àgbò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sún mọ́lé, ìmọ̀ràn tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìpàdé ni pé kí a gbé iwájú ọkọ̀ sókè títí yóò fi bá ẹ̀yìn dọ́gba, kí ó lè wu ojú ní ọjọ́ ìwọ́de. A mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan ní Ṣágámù, ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kaduna ti gba gbogbo títì wa kan. Baba yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì béèrè pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kí ni ọkọ̀ yìí ń gbé?”

A dá a lóhùn pé ó ń gbé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti oko ilé-ẹ̀kọ́, ó ń gbé sìmẹ́ńtì, àga àti àgbá omi. Àti pé nígbà mìíràn, bí àìsàn bá kọlu ọmọ kan lóru, òun náà ni ó ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Baba ní, “Ó dáa. Ẹ lọ gbé ẹrù rẹ̀ wá ná. A kì í wọn ọkọ̀ ẹrù ní òfìfo.”

A kó àpò sìmẹ́ńtì 12 wá, èyí tí í ṣe kílógíráàmù 600. Kí a tó dì í, Baba mú ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì wọ̀n ọ́n. Kò wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú táyà lè tan ni jẹ. Láti àárín gbùngbùn wíìlì títí dé etí mọ́dígáàdì ni ó wọ̀n. Ó kọ́kọ́ rí i dájú pé òsì àti ọ̀tún bára mu. Iwájú jẹ́ ínṣì 18 àti ààbọ̀, ẹ̀yìn jẹ́ ínṣì 22. Nígbà tí a di ẹrù tán, ẹ̀yìn wálẹ̀ sí ínṣì 20, ṣùgbọ́n iwájú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ ẹrù a máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga díẹ̀ ju iwájú lọ. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ de ẹrù nìyẹn. Bí a bá gbé iwájú sókè ní ínṣì 3 àti ààbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ti fẹ́, ọkọ̀ náà yóò gún régé ní ọjọ́ ìwọ́de. Ní ọjọ́ iṣẹ́, imú rẹ̀ yóò máa wo ọ̀run, iná rẹ̀ yóò máa wọ àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ lójú ní títì Èkó sí Ìbàdàn, ìdarí ọwọ́ awakọ̀ yóò sì fúyẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ínṣì 1 àti ààbọ̀ péré ni Baba fọwọ́ sí.

Ní ti Hilux àtijọ́ tí ó ní ọ̀pá irin tí ń lọ́ ní iwájú, sípáná ni a fi ń lọ́ ọ̀pá náà kí iwájú tó gòkè. Sípíríǹgì oníká ni ti tiwa, irin rìbìtì kan ni a sì ń fi lé orí rẹ̀ lókè. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé irin tí ó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì ti tó, nítorí pé apá tí ó gbé wíìlì jáde síta ń sọ ìwọ̀nba náà di bí ìlọ́po méjì ní etí ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí a fi irin ínṣì 3 síbẹ̀, a sì fa ṣáfíítì iwájú ya ní oríkèé.

Baba kò di àwọn bóòtù tí ó mú búùṣì le títí ọkọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní bí a bá dì wọ́n ní òkè, rọ́bà inú wọn yóò lọ́ títí yóò fi ya. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, nítorí pé bí iwájú bá ti gòkè, ẹsẹ̀ táyà ti kúrò ní ipò rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù lọ wà ní ẹ̀yìn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tí ó so mọ́ ẹ̀rọ tí ń pín agbára bíréèkì. Bí ẹ̀yìn bá rẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà gbà pé ẹrù wà, yóò sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ga, ó gbà pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín in kù. Ẹni tí ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kò tún ọ̀pá náà tò. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí Àgbò ń gbé ẹrù wúwo, bíréèkì rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan. Baba tún un tò, kò sì gba owó kún owó rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́, a ń ronú àwọn ọmọ tí ó ti jókòó nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ìlú Ṣágámù tí a wà yìí, ìlú 13 ni ó parapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1872. Wọn kò ga bákan náà, wọn kò sì lágbára bákan náà, ṣùgbọ́n ẹrù ààbò kan náà ni wọ́n jọ gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọmọ tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dọọdún láti Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Ìpẹru àti àwọn abúlé gbogbo. Kí a tó sọ pé ọmọ kan ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹrù tí ayé yóò dì lé e.

Àgbò ṣì ga lẹ́yìn ní ínṣì 2 bí ó bá ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe tẹ̀ lé ìwọ́de, àwọn kan sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bùn ọkọ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kì í tán. Olúwa wa kọ́ wa pé kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ ya owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún bíréèkì, táyà àti àyẹ̀wò ọkọ̀ yìí. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ àwọn ọmọ wa.