Ìforítì Ní Ọjọ́ Ìpọ́njú

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òkúta tí ó sì ti pa èkùrọ́ rí mọ ohun tí òwe náà ń wí: èèpo rẹ̀ le, ọmọ inú rẹ̀ kì í sì í jáde nítorí pé a bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé ayé rí. Èmi tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bí o bá bi mí léèrè ohun tí ó mú kí ọmọ kan gòkè tí ẹnìkejì rẹ̀ sì jókòó sójú ọ̀nà, n kò ní sọ pé ọgbọ́n orí nìkan ni, n kò sì ní sọ pé owó bàbá ni. Ìforítì ni.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní ìforítì? Àwọn kan rò pé kí ènìyàn máa jìyà kí ó sì panu mọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn mìíràn rò pé agbára kan ni yóò ṣàdédé bọ́ sí àwọn lára ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìforítì dàbí àgbàdo inú àká: ẹni tí kò kó o jọ nígbà ìkórè kò ní rí i mú nígbà ọ̀wọ́n. Iṣẹ́ kékeré tí a ń ṣe lójoojúmọ́, ìmọ̀ tí a kọ́ dáradára, àti àṣà ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni a fi ń kó o jọ.

Jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣeé ṣe kí o kéré púpọ̀ ní ọdún 2014, ó sì ṣeé ṣe kí a má tíì bí ọ. Ní ọdún náà, àrùn Ebola ń jà ràn-ìn ní Gíní, Làìbéríà àti Sierra Leone. Kí ó tó rọlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí tí ó lé ní 11,000 ni ó gbà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, ọkùnrin kan tí àrùn náà ti wà lára rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Làìbéríà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Rò ó wò, ìwọ ọ̀rẹ́ mi: ìlú tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, tí ara ń kan ara nínú ọkọ̀ àti ní ọjà! Gbogbo ayé ń wojú wa, ọ̀pọ̀ ni ó sì rò pé ó ti parí fún wa.

Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ. Ó sọ pé ibà ni ó ń ṣe òun. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó wá fura pé ọ̀ràn náà ju ibà lọ. Kò tí ì sí ẹni tí ó rí Ebola rí ní Nàìjíríà. Ohun tí ó ti kọ́ nínú ìwé ni ó fi dá a mọ̀. Àwọn kan tí ó ní agbára ń rọ̀ ọ́, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn, pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin náà bá jáde sí ìgboro, kò ní sí ẹni tí yóò lè ka iye ẹni tí yóò kó àrùn náà. Àrùn yìí ran òun fúnra rẹ̀ àti àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́; ó sì kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni obìnrin yìí, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ìdílé ni ó gba Èkó là. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì gbà kí a fi ìhalẹ̀ mú òun ṣe ohun tí kò tọ́, ni ó gbà á là.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ti ń wọ ilé dé ilé, bí a ti ń wá ọmọ kọ̀ọ̀kan rí, àti bí a ti ń kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ebola dé, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí náà ni a pè. Wọ́n wá ẹni 894 tí ó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, láti mọ bí ara wọn bá gbóná. Ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Nígbà tí ó fi di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, a kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni ogún ni ó mú, mẹ́jọ kú. Ìwọ náà wò ó: iṣẹ́ tí a ti kọ́ nítorí ọmọdé tí a kò fẹ́ kí ó rọ lẹ́sẹ̀ ni ó gba àgbà lọ́wọ́ ikú.

Ohun kan wà tí mo fi ojú ara mi rí ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi ti dún léraléra. Ìròyìn kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá: kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà pa mí. Nígbà tí mo jáde síta, obìnrin kan ní àdúgbò wa ti po omi iyọ̀ sínú abọ́ ńlá, ó sì ti to àwọn ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ wa pé inú omi ara aláìsàn ni àrùn yìí wà. Iyọ̀ kò lè lé e, ṣùgbọ́n iyọ̀ púpọ̀ lè pa àwọn kékeré wọ̀nyí lára.” Obìnrin náà wo ojú mi. Mo ní òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Ó da omi náà nù. Ní ibòmíràn ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan mu omi iyọ̀ ní àmujù, wọ́n sì ti ibẹ̀ kú. Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì tí ọmọ náà kò fi ṣeré ni ó di odi yí ilé bàbá rẹ̀ ká.

Ní ilé-ìwé wa, a gbé ike omi tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọṣẹ. Nígbà tí Ebola lọ tán, a kò gbé e kúrò. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ni ó ń pọn omi sínú rẹ̀ ní àràárọ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí àrùn Kòrónà wá dé ní ọdún 2020, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọmọ wa bí a ti ń fọ ọwọ́.

Ọdún náà le fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní oṣù kẹta, a ti gbogbo ilé-ìwé pa. Àwọn ọmọ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọjà ní àkókò náà kò padà sí kíláàsì mọ́ títí di òní. Ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ nígbà kékeré rẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Kò sí owó tí wọn yóò fi ra ẹ̀rọ tí ó lè gba ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, a jókòó ti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, a máa kọ ohun tí olùkọ́ inú rẹ̀ bá sọ sílẹ̀. Ní alẹ́, a kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, a sì fi kọ́ wọn. Ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ. Ó yege nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju ìwé nù. Ó tún un ṣe ní ọdún kejì, ó sì gbà á. Èyí ni mo ń pè ní ìforítì.

Ìpọ́njú mìíràn ń bọ̀ wá bá ìran tìrẹ. Èéfín ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ ní gbogbo àgbáyé ń mú kí ayé gbóná sí i, òjò àti ọ̀dá sì ń le sí i. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé gba ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Òjò kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú rẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ìwọ kò lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n o lè kọ̀ láti da pàǹtí sínú odò àti gọ́tà; o lè pe ẹgbẹ́ rẹ kí ẹ kó èyí tí ó wà níbẹ̀; o sì lè kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ dáradára, kí o lè wà lára àwọn tí yóò kọ́ afárá tí omi kò ní wó.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ òní. Wádìí ọ̀rọ̀ wò kí o tó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí o bá ṣubú, dìde. Bí ẹrù bá wúwo jù ọ́ lọ, ké sí ẹnìkejì rẹ láìtijú. Bí a bá sì ń fi ipá mú ọ ṣe ibi, kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọjọ́ ìpọ́njú kì í ránṣẹ́ ṣáájú kí ó tó dé. Bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgbàdo rẹ sínú àká láti òní lọ.