Ta Ló Ń Bá Ọ Gbé E? Bí Mo Ṣe Kó Ẹrù ní Lagos Town, Accra

Bí ẹ bá dé Accra lónìí, tí ẹ sọ fún mate ọkọ̀ trotro, ìyẹn dánfó tiwọn, pé Lagos Town ni ẹ ń lọ, bí ọmọ náà bá kéré, yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ sọ pé New Town, kíá ni yóò ní kí ẹ wọlé. Ibì kan náà ni. Accra New Town ni orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n Lagos Town ni nígbà tí ìyá àgbà mi, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Kokomlemle, Nima àti Kotobabi ni ó wà, kò sì jìnnà sí oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Circle. Ọjà Malam Atta ni ọjà àdúgbò náà. Àwọn èèyàn tó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ ló jẹ́ kó gba orúkọ Èkó. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, ìbáà ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ẹjìgbò tàbí Ìlọrin, ará Lagos ni wọ́n ń pè é ní Ghana, bí kò tilẹ̀ fojú kan Èkó rí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Ghana lọ́dún 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Òwò ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, láti ọjà ńlá Accra títí dé Kumasi àti Tamale lókè.

Iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè ló gbé mi dé Accra lọ́dún 2022. Mo lè gba yàrá nítòsí Legon, níbi tí yunifásítì wà, àmọ́ mo ti gbọ́ orúkọ Lagos Town lẹ́nu ìyá àgbà láti kékeré. Mo fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé onígbàlá, irú èyí tí yàrá yí àgbàlá ká bí agboolé tiwa. Owó ọdún méjì ni mo san lẹ́ẹ̀kan. Òfin ilé gbígbé Ghana ti ọdún 1963 kò fọwọ́ sí i kí onílé gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ayálégbé, síbẹ̀ ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè. Ẹni tó ń wá ilé kì í sábà ní ẹnu tí yóò fi tọ́ka sí òfin.

Nígbà tí ọdún méjì náà pé, onílé ní ọmọ òun fẹ́ gbé ìyàwó, òun sì nílò yàrá náà. Ó fún mi ní oṣù kan. Mo rí yàrá mìíràn ní Kotobabi, kò tó ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo rò pé ìṣòro ti parí. N kò mọ̀ pé ilé rírí yàtọ̀ sí ẹrù kíkó.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fún lówó

Ẹnìkan fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ní òun ní ọkọ̀ akẹ́rù. A sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní cedi 500, kí n san ìdajì sílẹ̀. Mo fi 250 ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ní àárọ̀ Sátidé, mo ti di gbogbo ẹrù, mo kó o sí àgbàlá, mo jókòó lé bẹ́ẹ̀dì tí mo ti tú. Aago méje kọjá. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, kò gbé fóònù mọ́.

Màmá kan wà nínú ilé náà tó ń ta gàrí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àyàfi pé Twi máa ń yọjú sí i láàárín. Ó ti ń wò mí láti òwúrọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ọkùnrin yẹn rí ẹrù rẹ kó tó dá owó lé e?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí ọkọ̀ rẹ̀?"

"N kò rí i, mà."

"Ó dáa. O kò rí ọkọ̀, òun kò rí ẹrù. Kí ni ẹ wá ń dúnàádúrà lé lórí?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Dìde, jẹ́ ká lọ sí Malam Atta."

Ní ọjà Malam Atta

Lẹ́bàá ọjà náà, ẹ óò rí oríṣiríṣi èèyàn tó ń fi ẹrù gbígbé jẹun. Àwọn ọkùnrin wà tó ń ti ọmọlanke. Àwọn mìíràn ń wa aboboyaa, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní ibi ìkẹ́rù lẹ́yìn. Bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni, ẹrù ló kàn ń gbé dípò èèyàn. Àwọn ọmọbìnrin náà sì wà tí wọ́n gbé agbada irin ńlá sórí, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó ra ọjà. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti apá àríwá Ghana wá, níbi tí iṣẹ́ kò pọ̀ lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀ níbí. "Kaya" jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa, ẹrù ni. "Yei" jẹ́ ọ̀rọ̀ Ga, àwọn obìnrin ni. Èdè méjì pàdé ní ọjà, wọ́n sì bí orúkọ kan fún iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é lè má gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì láti ilé. Àwa ní aláàárù. Orúkọ iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Màmá kò bèèrè iye owó rárá. Ó mú awakọ̀ aboboyaa kan padà wá sílé, ó ní kó wo ẹrù náà tán kó tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà yí fíríìjì ká, ó tẹ mátírẹ́ẹ̀sì wò, ó gbé àpótí ìwé kan, ó sì tún yára gbé e sílẹ̀.

"Òkúta ló wà nínú èyí?"

"Ìwé ni."

"Òkúta sàn jù ú lọ," ni ó wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní cedi 300 fún ìgbà méjì. Màmá dá a lóhùn, wọ́n fà á títí ó fi di 200. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun kì í gbé ẹrù jáde láti inú àgbàlá, òun kàn ń tò ó ni. Ìdí nìyí tí a fi pe ọmọbìnrin méjì láti ọjà, cedi 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gbé e jáde níbí, wọn yóò sì gbé e wọlé ní Kotobabi. Màmá ní kí n sọ apá kejì yẹn létí gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà já ẹrù sí ẹnu ọ̀nà kó ní iṣẹ́ òun ti parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì

Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde ni ìyá àgbà pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mọ̀ pé òní ni mò ń kó. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló ń bá ọ gbé e?"

Ẹ gbọ́ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi jẹ ẹ́ lógún.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia ní Ghana pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò nílùú. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ni gbèdéke. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kò ní ìwé kankan. Àwọn kan ti lo ogún ọdún níbẹ̀, wọ́n bí wọn sí ibẹ̀ pàápàá, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé rí. Nàìjíríà tí wọ́n fẹ́ padà sí ṣì wà nínú ogun abẹ́lé.

Ìyá àgbà mi ń ránṣọ ní Lagos Town. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wá ibi tí wọn yóò wọ̀ sí, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn tó mọ̀ pé wọn kò lè dúró wá ń ra bẹ́ẹ̀dì, àga àti abọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ ní owó tí kò tó nǹkan. Owó ọkọ̀ ń gòkè lójoojúmọ́. Ìyá àgbà ta bẹ́ẹ̀dì, ó fi odó sílẹ̀ fún aládùúgbò, ó sì di aṣọ àwọn ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó ní òun kò ní fi sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí pé òun ni yóò bọ́ wọn ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Ó gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa àwọn méjì lọ́wọ́. Aláàárù kan tó ń sọ Hausa gbé ẹ̀rọ náà lé orí dé gáréèjì. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Awakọ̀ kan ní òun lè mú èèyàn, òun kò lè mú irin. Ìyá àgbà ní ọkùnrin aláàárù náà kò sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ó ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi rí èyí tó gbà. Nígbà tí òun na owó sí i, iye tí wọ́n ti jọ sọ tẹ́lẹ̀ ló mú, kò fi kọ́bọ̀ lé e.

Wọ́n gba Aflao, Lomé àti Cotonou dé Èkó, ọ̀nà tó lé ní 450 kìlómítà, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ yẹn ni ìyá àgbà fi rán aṣọ tí wọ́n fi san owó ilé ìwé ìyá mi. Títí di òní, ohun tó ń dùn ún ni pé òun kò bèèrè orúkọ ọkùnrin náà.

Báàgì kan, orúkọ méjì

Kí a má rò pé àwa nìkan la jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló kó ẹrù wọn gba ọ̀nà kan náà padà. Báàgì onílà pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n kó aṣọ sí la fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ní Ghana, mo gbọ́ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe báàgì yẹn: "Efiewura sua me." Twi ni. "Efie" ni ilé, "wura" ni olúwa. Efiewura ni onílé. Gbogbo rẹ̀ wá di: Onílé, bá mi gbé e. Ẹ wo báàgì kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń lé àlejò, orúkọ àṣẹ ni wọ́n sọ ọ́. Níbi tí ẹni tí wọ́n lé padà sí, orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni.

Àwọn tiwa tí wọ́n lọ ní 1969 náà fi orúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọṣẹ dúdú ní Accra, ẹ bèèrè alata samina. Ọṣẹ ni samina. Alata ni wọ́n sì ń pe àwọn tó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá. Àwọn kan ní aláta, ẹni tó ń ta ata, ni ó ti wá. Àwọn mìíràn ní ìlú Allada ní Benin ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ó ṣì wà lórí ọṣẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ilé

Ẹ jẹ́ kí owó tí mo pàdánù ṣe yín láǹfààní, ìbáà ṣe Accra tàbí Ìbàdàn ni ẹ wà.

Ẹ má san owó sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì fojú rí ẹrù yín, tí ẹ̀yin náà kò sì tíì rí ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ yanjú ṣáájú: ta ni yóò gbé e jáde, ta ni yóò tò ó, ta ni yóò gbé e wọlé, ìgbà mélòó ni ọkọ̀ yóò lọ.

Ẹ kó ìwé sínú páálí kékeré, irú ti Indomie. Páálí ńlá yóò já nídìí, yóò sì dá ẹni tó gbé e lẹ́yìn.

Fíríìjì yẹ kó wà lóròó. Bí ẹ bá gbé e dé, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan iná sí i. Ẹ ti ẹnu gáàsì pa dáadáa.

Ìwé ẹ̀rí, oògùn àti owó, ẹ fi wọ́n sínú àpò tí yóò wà lọ́wọ́ yín fúnra yín.

Ẹ fún àwọn tó ń gbé ẹrù ní omi àti oúnjẹ, ẹ sì san gbogbo owó wọn lójú ẹsẹ̀. Ọrùn èèyàn ni ẹrù yín wà lé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹrù ìkẹyìn wọlé ní Kotobabi. Gbogbo wa jẹ wàákyé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, tí n kò rò pé ó ju ọmọ ogún ọdún lọ, ló gbé àwọn páálí ìwé tí awakọ̀ sá fún. Lẹ́yìn tí mo san owó wọn, mo bèèrè orúkọ wọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sábà máa ń bèèrè. Wọ́n sọ fún mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ìyá àgbà padà. Ó tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ àárọ̀, mo sì dárúkọ àwọn méjèèjì fún un. Ó pè wọ́n tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé. Ó wá ní, "Ó káre. Olúwa á bá wọn gbé tiwọn."