Àwo Tó Ń Sọdá Títì ní Pópó Àgùdà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àdúgbò wa dáadáa, kó má wá lọ́sàn-án. Lọ́sàn-án, ọjà Balógun á ti tàn dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa, alábàárù á máa pariwo kí wọ́n yà fún òun, èèyàn ò sì ní mọ onílé yàtọ̀ sí ẹni tó wá rajà. Ìdájí ni kó wá. Ládánì á pèrun, aago ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà á dún tẹ̀ lé e, alákàrà á ti dáná sí ìkóríta, mẹ́ruwà á máa ti ọmọlanke rẹ̀ kiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn tó bá ń dá ara wọn dúró láti kíra nígbà yẹn ni ọmọ àdúgbò.

Pópó Àgùdà ni mò ń sọ, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láàárín Kámpọ́ọ̀sì àti òpópónà Bámgbóṣé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Bràsíìlì àti Kúbà bọ̀, tí à ń pè ní Àgùdà, wá tẹ̀dó sí. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bàhíà lọ́dún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fowó ra ara wọn padà kí wọ́n tó wọkọ̀ bọ̀ wálé. Bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ pọ̀ nínú wọn. Aládùúgbò wọn ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ilé àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851 tí wọ́n sì bá a padà wá ní 1862. Lápá kejì, Ọlọ́wọ̀gbowó, ni àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ wà.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí kálukú gbà dé, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò fún ara wọn. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey, ọmọ Sàró, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ní òpópónà Kakawá, ilé João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tó ti oko ẹrú Bàhíà bọ̀, ni ará Èkó ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ ìjọba tó dé.

Mùsùlùmí ni mí. Àlhájà ni wọ́n ń pè mí ní títì wa. Síbẹ̀, àti kékeré ni mo ti mọ frejon, oúnjẹ Ẹtì Rere àwọn Àgùdà, sè, torí kò sí ọmọbìnrin àdúgbò wa tí wọn kì í pè sídìí ìkòkò náà. Tó bá ku ọ̀la kó di Ẹtì Rere, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n ti ń gbé e kaná. Ẹ̀wà ìbejì, ẹ̀wà dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, ni. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sè é títí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi asẹ́ sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún oje rẹ̀ sí i, wọ́n á fi kànáfùrù díẹ̀ àti ṣúgà sí i. Ìgbà náà ni rírò bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan kì í dá a rò. Bí apá bá ń ro ìyá kan, èkejì á gba ọmọ orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí ọwọ́ bá dá pẹ́nrẹ́n, ó ti di mọ́ ìdí ìkòkò nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti ki, á ti dúdú, òórùn àgbọn á sì ti gba gbogbo àgbàlá. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n ń bù sí i, pẹ̀lú gàrí Ìjẹ̀bú lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó jẹun, àwo á kọ́kọ́ jáde. Ọmọ á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá ní kí n gbé e wá fún yín." Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun o, bá mi kí ìyá rẹ, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Tó bá di Iléyá, ẹran àgbò tèmi á gba ọ̀nà kan náà lọ. Nínú oṣù àwẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ onílù ń fi wéré jí wa jẹ sàárì, irú orin tí Síkírù Àyìndé Barrister ti inú rẹ̀ yọ fújì, ọ̀pọ̀ ọmọ Àgùdà ló ń bá wọn lọ lóru.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ nìyí: àwo náà ju oúnjẹ lọ. Ó ń wọlé wò. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere kan, ọmọ tí wọ́n rán sí bàbá àgbà kan lẹ́yìnkùlé wa gbé àwo padà bó ṣe gbé e lọ. Ó ní òun kànkùn títí, òun ò gbóhùn, bẹ́ẹ̀ bàtà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin já ilẹ̀kùn. Bàbá ti ṣubú láti òru, ẹnu ò sì ṣeé là. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó yè, ó sì lo ọdún díẹ̀ sí i pẹ̀lú wa. Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ṣe é, ọmọ tó gbé frejon ni.

Ó ń dùn mí bí ilé ṣe ń di sítọ́ọ̀. Ẹni tó ta ilé bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí Ìkòròdú tàbí Ajáh. Àwọn tó rà á wó o, wọ́n kọ́ pláásà síbẹ̀, tó bá sì di alẹ́, wọ́n á ti gbogbo rẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ lọ́dún 2016. Mo sunkún ilé yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbé àwo lọ kàn ń dín kù.

Aládùúgbò ẹni lọmọ ìyá ẹni, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi mọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ síbi tí géètì ga, ibi yòówù kí ẹ wà, bí ọdún bá dé, ẹ bu àwo àkọ́kọ́ fún ilé tó kángun sí tiyín. Ẹ má fi fóònù kí wọn lásán. Ẹ rán ọmọ yín, kó kanlẹ̀kùn, kó kúnlẹ̀, kó wojú ẹni tó ṣí i, kó sì padà wá sọ fún yín bó ṣe bá wọn.